Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Inú Asọ̀rọ̀mágbèsì



Kí rédíò tó di rédíò lẹ́nu wa, asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn àgbà pè é. Ó ń sọ̀rọ̀, kò gba èsì. Orúkọ yìí ni mo fẹ́ fi wo eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí wọ́n ṣe lórí rédíò ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti ọdún 1930 títí di 1962. Ojú ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ fi ń ṣiṣẹ́. Ó ń wo ipa ẹsẹ̀, ó ń wo ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ, ó ń wo ojú ẹni tó ń parọ́. Kí wá ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń wá nínú àpótí tí kò lójú? Èrò tèmi ni pé àìlójú àpótí yẹn gan-an ló bu iyì kún eré náà, torí olùgbọ́ ló kù tí yóò máa fi ọkàn ara rẹ̀ wò.

Ẹ wo yàrá tí wọ́n ti ń ṣe é. Àwọn òṣèré dúró nídìí máíìkì, ìwé eré lọ́wọ́. Nítòsí wọn ni ẹni tó ń dá oríṣiríṣi ìró wà, pẹ̀lú ilẹ̀kùn tí kò ní ilé lẹ́yìn, òkúta wẹ́wẹ́ nínú àtẹ, àti bàtà. Bí iná bá ní láti jó, á rún bébà ọ̀rá. Bí ẹnìkan bá ń rìn lórí yìnyín, á máa fi ọwọ́ tẹ àpò tí wọ́n rọ ìyẹ̀fun àgbàdo kún. Títí di ìparí àwọn ọdún 1940, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n sábà ń ṣe é sórí afẹ́fẹ́. Àṣìṣe tó bá ti jáde, ó ti jáde nìyẹn.

Báwo wá ni olùgbọ́ yóò ṣe mọ ohun tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ń wò? Ọ̀rọ̀ Sherlock Holmes, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìwé, kò le. Nígbà tó dé orí ilé-iṣẹ́ rédíò NBC ní oṣù kẹwàá ọdún 1930, Watson ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀: bí Watson bá béèrè, ó ti bá wa béèrè. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń dá rìn ńkọ́? Ta ni yóò máa bá sọ̀rọ̀? Eré Yours Truly, Johnny Dollar, tí ilé-iṣẹ́ rédíò CBS bẹ̀rẹ̀ ní 1949, rí ọgbọ́n kan dá sí i. Olùṣèwádìí fún ilé-iṣẹ́ adójútòfò ni Dollar, ìwé ìnáwó ló sì fi ń sọ ìtàn. Owó takisí dé pápákọ̀ òfurufú. Owó tíkẹ́ẹ̀tì. Owó oúnjẹ alẹ́ tó ra fún ẹlẹ́rìí tó mọ̀ ju ohun tó sọ lọ. Ibi tí owó bá gbà, ibẹ̀ ni ìtàn ń gbà. Láti 1955 tí òṣèré Bob Bailey gba ipa náà, fún nǹkan bí ọdún kan, ìṣẹ́jú 15 ni wọ́n ń ṣe lálẹ́, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, ìtàn kan lọ́sẹ̀ kan. Ìyẹn ni mo fẹ́ràn jù, torí àyè gba àwọn ẹlẹ́rìí láti sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Tẹlifíṣọ̀n ti kó àwọn olùgbọ́ àti àwọn olówó ìpolówó lọ nígbà tí CBS fi òpin sí eré náà ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 1962.

Èyí tí mo tìtorí rẹ̀ wá gan-an ni eré Dragnet. Ní 1948, òṣèré Jack Webb kó ipa kékeré nínú fíìmù He Walked by Night, ibẹ̀ ló ti mọ ọlọ́pàá Los Angeles kan tó ń tọ́ àwọn òṣèré sọ́nà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ọlọ́pàá jókòó nínú ọkọ̀ wọn, ó ń fetí sí bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1949, eré náà dé orí NBC, Webb fúnra rẹ̀ ni Joe Friday, ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú eré náà. Friday á sọ ọjọ́ tó jẹ́, á sọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí, á sọ ẹ̀ka tó ti ń ṣiṣẹ́. Kì í kébòsí, kì í ṣe fọ́rífọ́rí. Á béèrè, wọ́n á dáhùn. Láàárín ìbéèrè kan sí èkejì, bàtà ló ń dún: kò, kò, kò, ilẹ̀kùn, bàtà lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn kan ní ìfàkókòṣòfò ni. N kò gbà. Ìgbà tí bàtà yẹn ń dún ni olùgbọ́ ń ṣe ìwádìí tirẹ̀.

Ní ọjọ́ 22 oṣù kejìlá ọdún 1949 yẹn, ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí Kérésìmesì pé, wọ́n ṣe ìtàn àwọn ọmọdékùnrin méjì tó dàwátì. Àwọn òbí ọ̀kan nínú wọn ti ra ìbọn kékeré pa mọ́ fún un de ọjọ́ ọdún, ó sì ti rí i ṣáájú ọjọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí ọmọ yìí, ó jẹ́wọ́: òun àti ọ̀rẹ́ òun jọ ń ṣeré ni, ọ̀rẹ́ náà gbé ìbọn lọ́wọ́, ó ṣubú, ìbọn sì yìn, ó pa á. Kò sí ọ̀daràn tí Friday yóò mú. Bàbá òkú ọmọ kó gbogbo ẹ̀bùn tó ti rà sílẹ̀, ó gbé e lọ fún ọmọ kejì, èyí tó kù láyé.

Mo gbé àkọsílẹ̀ ohùn rẹ̀ wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pa iná gbọ̀ngàn yìí.