Kì í Ṣe Àmúwá Ọlọ́run: Ooru Ìgbà Ìrúwé àti Òjò Dídì Orí Òkè



Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ jọ́gíráfì, n kò ní pẹ́ lórí oríkì. Ẹ mọ̀ pé òjò dídì tó bá ya lulẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ òkè máa ń gbá igi, ilé àti ènìyàn lọ, ẹ sì mọ̀ pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó tó dígírì 30 sí 45 ló ti wọ́pọ̀ jù. Ẹni tí kò bá mọ èyí, kó padà sídìí ìwé rẹ̀. Ti ìgbà ìrúwé ni mo bá wá, nígbà tí oòrùn ń mú bọ̀, tí àwọn ènìyàn rò pé ewu ti bá òtútù lọ.

Nígbà tí èmi náà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, a máa ń gbọ́ pé bí ènìyàn bá pariwo lórí òkè, òjò dídì á ya. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohùn ènìyàn kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ó sì ń dùn mí pé mo ṣì ń kà á nínú ìwé ìdánwò yín títí di òní. Ooru, omi àti ìwúwo ni kí ẹ kọ.

Ìpele ìpele ni òjò dídì fi ń jókòó sórí òkè. Bí oòrùn bá yọ́ ti òkè, omi á máa jò lọ sísàlẹ̀, á máa tú ohun tó so hóró kan mọ́ èkejì. Bó bá kan ìpele líle tí kò lè là kọjá, á dúró síbẹ̀, ibẹ̀ á sì máa yọ̀. Ẹ ti rí ògiri alámọ̀ tí òjò ń pa: ó lè dúró gbogbo òru, ìgbà tí omi bá dé ìdí rẹ̀ ló ń wó. Bí ojú ọ̀run bá mọ́ kedere lóru, gbogbo rẹ̀ á tún dì gbagidi kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ìkùukùu bá bò ó, kò ní dì. Bí òjò gidi bá wá rọ̀ sórí òjò dídì tuntun, ewu dé.

Èyí ló gbé mi dé Wellington, ní òkè Cascade, ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà. Ní ìparí oṣù kejì 1910, ọkọ̀ ojú irin méjì ti ilé iṣẹ́ Great Northern há síbẹ̀, òjò dídì ti dí ojú irin níwájú àti lẹ́yìn. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Àwọn èrò bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá ọkọ̀ padà sínú ihò abẹ́ òkè. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ kọ̀: èéfín wà níbẹ̀, èédú sì ti ń tán. Lẹ́yìn náà ni ojú ọjọ́ yí padà, ó móoru, òjò rọ̀, àrá ń sán. Ní òru mọ́jú 1 oṣù kẹta, ẹ̀gbẹ́ òkè ya, ó gbá ọkọ̀ méjèèjì sínú àfonífojì. Ènìyàn 96 ló kú.

Ní 1914, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà dá ilé iṣẹ́ náà láre. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ti ń bá mi jiyàn lórí èyí tipẹ́. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò tíì rí i kí ibẹ̀ ya rí, nítorí náà àmúwá Ọlọ́run ni. Mo gba Ọlọ́run gbọ́. Èmi kò sì dá ọ̀gá ọjọ́ náà lẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ ihò, nítorí èéfín ń pani. Ṣùgbọ́n iná ti jó igbó tó wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn ṣáájú, kò sí igi tí yóò di òjò dídì mú. Òjò dídì ọ̀pọ̀ ọjọ́ ti gorí ara wọn, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sì ń rọ̀ lé wọn. Kí ló kù tí a ń wá? Ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ fi kọnkéré kọ́ òrùlé bo ojú irin níbẹ̀ lẹ́yìn náà, ó sì ṣí ihò tuntun, tó gùn ju kìlómítà 12 lọ, nísàlẹ̀ òkè ní 1929. Ta ni wọ́n ń fi kọnkéré dá dúró? Ẹni tó bá ti ní àmúwá Ọlọ́run ni, kò tún ní béèrè ìbéèrè kankan mọ́, àwọn tó kú yẹn sì yẹ ní ẹni tó ń béèrè.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ti Wellington, ní Rogers Pass ní Kánádà, òkè pa òṣìṣẹ́ 58 tí wọ́n ń kó òjò dídì kúrò lójú irin. Àwọn ará Japan ló pọ̀ jù nínú wọn.

Alága ti ń wo aago. Ẹ jẹ́ kí n yára. Ní apá àríwá ayé, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó kọjú sí ìlà oòrùn ló ń kọ́kọ́ rọ̀, ti gúúsù á tẹ̀ lé e, ti ìwọ̀ oòrùn á kẹ́yìn. Bí ẹ bá rí i tí òjò dídì ń ká ara rẹ̀ bọ̀ lódidi láti òkè, tàbí tí ẹsẹ̀ ń rì dé orúnkún, ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹni tí òjò dídì bá bò mọ́lẹ̀, bí a kò bá hú u jáde láàárín ìṣẹ́jú 15, ìrètí ń dín kù kíákíá.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Calgary, àjọ Avalanche Canada ń gbé ìkìlọ̀ jáde nípa òjò dídì tó lè ya. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n kà á kí wọ́n tó gbéra, kí wọ́n sì ti sọ̀ kalẹ̀ kí oòrùn tó kanrí. Ti ayé tó ń gbóná, tí òjò ń gba ipò òjò dídì lórí àwọn òkè kan, kò sáyè mọ́. Ẹ mú un wá nígbà ìbéèrè.