Wèrè Dùn ún Wò: Aláìsàn Ọpọlọ Nínú Eré Olórin Méjì



Àwọn àgbà ní wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Òwe yìí bá gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ gbé aláìsàn ọpọlọ sórí ìtàgé wí: òǹwòran wá gbádùn ara rẹ̀, ìyà ọmọlàkejì ni a sì fẹ́ fi hàn án. Eré olórin méjì láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni n ó fi yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Èkíní ni Lady in the Dark, tí wọ́n ṣe ní New York ní 1941. Moss Hart ni ó kọ ìtàn rẹ̀, Ira Gershwin kọ ọ̀rọ̀ orin, Kurt Weill sì ṣe ohùn orin. Hart fúnra rẹ̀ ti gba ìtọ́jú lọ́wọ́ oníṣègùn ọpọlọ rí. Liza, olóòtú ìwé ìròyìn, ni ó ń ṣàìsàn. Níwájú oníṣègùn, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni ó ń sọ. Inú àlá rẹ̀ ni orin wà. Orin ìgbà èwe kan ń bẹ tí kò lè rántí tán. Nígbà tí ó rántí rẹ̀, ara rẹ̀ yá. Ìrántí ni oògùn.

Èkejì ni Next to Normal, iṣẹ́ Tom Kitt àti Brian Yorkey, tí ó dé Broadway ní 2009, tí ó sì gba ẹ̀bùn Pulitzer ní 2010. Diana, ìyá ọlọ́mọ, ní àìsàn tí ń gbé ọkàn ròkè tí ó sì tún ń rì í mọ́lẹ̀. Ọmọkùnrin rẹ̀ ti kú ní ìkókó, ṣùgbọ́n lójú rẹ̀ ọmọ náà ti di géńdé. Àwa òǹwòran náà ń rí i, a ń gbọ́ orin rẹ̀, kí a tó mọ̀ pé òkú ni. Àwa tí a wá wo wèrè ti bá a rí ohun tí ó ń rí. Lẹ́yìn tí Diana fẹ́ gba ẹ̀mí ara rẹ̀, wọ́n fi iná mànàmáná tọ́jú ọpọlọ rẹ̀. Ó gbàgbé ọ̀pọ̀ ọdún, ọkọ rẹ̀ sì fi ọ̀rọ̀ ọmọ náà pa mọ́ fún un. Ìrántí tí ó wo Liza sàn ni ìtọ́jú gbà lọ́wọ́ Diana.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra. Lóde òní, wọ́n máa ń fi oògùn kun aláìsàn lóorun kí wọ́n tó fi iná tọ́jú rẹ̀. Ìgbàgbé a máa wáyé, àgàgà nípa àsìkò tí ó yí ìtọ́jú náà ká. Ó ṣọ̀wọ́n kí ó pọ̀ tó ti Diana. Ẹbí tí ó bá tìtorí eré kọ ìtọ́jú fún ènìyàn wọn ti fi ìtàgé ṣe ilé ìwòsàn.

Níbo wá ni òtítọ́ eré yìí wà? Nínú ilé ni. Diana kò rí ìwòsàn pátápátá. Ó fi ilé sílẹ̀. Nígbà náà ni ọkọ rẹ̀, tí kò jẹ́ dárúkọ ọmọ náà, pe orúkọ rẹ̀. Àìsàn náà kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Ọ̀fọ̀ tí a kò ṣe wà nínú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ eré, bí ẹ bá tún fẹ́ fi wèrè pa wá lẹ́rìn-ín, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè pé: ta ni a fún ní orin kọ, òun ni, tàbí àwọn tí ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́?