Ìró Bàtà Lóru
Ọ̀rọ̀ tí a bá ẹgbẹ́ sọ ní ọjọ́ ìpàdé ọdọọdún wa

  

Nígbà tí akọ̀wé wa ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ fíìmù tí mo lọ kọ́ nígbà tí mo ti dàgbà tán, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n pa yín lẹ́rìn-ín. Mo gbà. Ẹ ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi fi etí kan sílẹ̀ de ìparí ọ̀rọ̀ mi, nítorí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ní ọdún 2019, ọmọ ọdún 47 ni mí, mo tún di akẹ́kọ̀ọ́. Iṣẹ́ báńkì ti sú mi, mo bá lọ forúkọ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní fíìmù ṣíṣe l'Ékòó. Àwọn ọmọ tí mo lè bí ló kún kíláàsì. "Mọ́mì" ni wọ́n ń pè mí. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí olùkọ́ gbé fún wa ni pé kí a pín ara wa ní márùn-ún márùn-ún, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù adẹ́rùbani, ìṣẹ́jú 2 péré. Kì í ṣe odindi fíìmù o. Ìbẹ̀rẹ̀ lásán ni, títí dé ibi tí orúkọ fíìmù ti máa jáde. Lẹ́yìn náà, kí oníkálukú kọ ojú ìwé 3 nípa ohun tó ṣe, ìdí tó fi ṣe é, àti ohun tó rí kọ́ níbẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, ojú ìwé mẹ́ta yẹn ló le jù.

Àwọn ọmọ náà ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ gbé họ́sítẹ̀lì láyé àtijọ́, ẹ fún wa nítàn." Kí ni ǹ bá fún wọn bí kò ṣe Madam Koi Koi? Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Ta ni kò mọ̀ ọ́n nínú wa? Tísà obìnrin tó fẹ́ràn bàtà gogoro, tó burú sí ọmọ iléèwé, tó kú, tí òkú rẹ̀ wá ń rìn kiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ dọ́mítírì lóru: kóì, kóì, kóì. Púpọ̀ nínú iléèwé tó ní họ́sítẹ̀lì ní Nàìjíríà ló ní tiwọn, oníkálukú sì ń búra pé ọ̀dọ̀ àwọn ló kú sí. Kódà, ní ọdún 2023, ìtàn rẹ̀ di fíìmù lórí Netflix. Ṣùgbọ́n àwa ti ṣe tiwa ṣáájú wọn o!

Òru méjì la fi ya àwòrán náà, nínú kíláàsì àtijọ́ kan tí wọ́n yá wa. A to bẹ́ẹ̀dì onírin 4 síbẹ̀, ó di dọ́mítírì. Mo ra bàtà pupa kan lọ́jà òkìrìkà. Ó tóbi ju ẹsẹ̀ ọmọbìnrin tó ń ṣe Madam lọ, a fi bébà dí i níwájú. A da àtíkè bo ojú rẹ̀, a fi zobo tó ki ṣe ẹ̀jẹ̀ sí i lẹ́nu. Ẹ má fi wá ṣẹ̀sín: omi ṣokoléètì ni Hitchcock lò fún ẹ̀jẹ̀ nínú Psycho ní 1960, nítorí pé àwòrán dúdú òun funfun ni. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń ké, ẹ̀fọn ń jẹ wá, ọmọ tó yẹ kó dùbúlẹ̀ bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà sì sùn lọ ní tòótọ́, ó ń hanrun.

Nígbà tí a fi han kíláàsì, ẹ̀rín ni wọ́n bú sí. Ẹnì kan ní Madam wa jọ ẹni tó jẹ ẹ̀wà tí kò nu ẹnu.

Olùkọ́ wa ò bú wa. Ó kàn bi mí pé, "Mọ́mì, nígbà tí ẹ wà níléèwé, ṣé ẹ rí i rí?" Mo ní rárá. "Kí ló wá ń bà yín lẹ́rù?" Mo ní ìró bàtà ni. Ó ní, "Ẹ jẹ́ káwa náà gbọ́ ọ nígbà náà. Ẹ gbé ojú rẹ̀ kúrò."

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ kìíní. Ohun tí a bá rí, ojú á mọ ibi tó pin sí. Ohun tí a gbọ́ tí a ò rí, ọkàn wa ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ dá a, ọkàn kì í sì í dá a ní kékeré. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wo Aiyé tí Ògúndé gbé jáde ní 1979, ẹ mọ bí ẹ̀rù àwọn àjẹ́ inú rẹ̀ ṣe ń bá èèyàn délé.

A wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìró. Ọmọbìnrin wa rìn títí lórí sìmẹ́ńtì, ó ń dún bí ẹni tó ń lọ ra búrẹ́dì. Ni mo bá ní kí wọ́n gbé bàtà wá. Mo kúnlẹ̀, mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú bàtà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi gìgísẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀. Kóì. Mo dúró. Kóì. Mo dúró pẹ́ sí i. Kóì. Gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Ọmọkùnrin tó ń gba ohùn sílẹ̀ yọ ohun tó fi bo etí, ó ní, "Mọ́mì, ta ló kọ́ yín?"

N kò lè dá a lóhùn.

Ẹ̀yin ará, èmi ni Madam Koi Koi. Ní ọdún 1987, mo wà ní SS 1. Àwa mẹ́ta la jọ ń ṣe é. A rí bàtà gogoro kan tó ti gbó. Tí wọ́n bá ti paná tán, a ó kúnlẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a ó máa fọwọ́ gbá a mọ́lẹ̀, kí àwọn JSS 1 má baà dìde. A ó fi aṣọ di ẹnu kí wọ́n má gbọ́ ẹ̀rín wa. Ọmọ kékeré kan wà láàárín wọn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn lèèyàn máa gbà kó tó dé ilé ìtọ̀. Kò lè jáde lóru mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé. Tó bá di àárọ̀, àwa kan náà la máa ń ní kó ru fóòmù rẹ̀ yí pápá ká. Kí ọdún tó parí, àwọn òbí rẹ̀ wá mú un lọ. Kò padà wá mọ́. A ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Tótó, ó ṣe bí òwe o: ẹni tó ṣu ní í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Mo sọ ọ́ fún àwọn ọmọ náà lóru ọjọ́ yẹn. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Èyí tó kéré jù nínú wọn ní, "Mọ́mì, ibi tí a gbé kámẹ́rà sí ni kò dáa." Nínú Halloween, tí John Carpenter ṣe ní 1978, ojú apààyàn la fi ń wo nǹkan ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn ìgbà náà la tó mọ̀ pé ọmọdé ni. Àwa yí tiwa padà. A gbé kámẹ́rà sórí bẹ́ẹ̀dì, sábẹ́ aṣọ ìbora, síbi tí orí ọmọ náà wà. Òkùnkùn. Èémí. Kóì. Ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́n. Ó sọ ẹsẹ̀ kan kalẹ̀, ó tún fà á padà. Nígbà tó yá, ó tẹ̀ ba, ó yọjú wo ilẹ̀: bàtà pupa méjì dúró sẹ́nu ọ̀nà. Kò sí ẹsẹ̀ nínú wọn. Ọwọ́ ló wà níbẹ̀. Iná kú. Orúkọ fíìmù jáde.

Nígbà tí a fi hàn lẹ́ẹ̀kejì, ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín.

Ohun tí mo wá kọ sínú ojú ìwé mẹ́ta mi nìyí. Ẹni tó sanwó wo fíìmù, òun ló yan ẹ̀rù fúnra rẹ̀. Ó mọ̀ pé iná á tàn, òun á sì lọ sílé. Ọmọ JSS 1 yẹn ò yan nǹkan kan, kò sì síbi tó lè sá lọ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín eré àti ìkà nìyẹn. Ọdún 32 ló gbà mí kí n tó lè kọ ọ́ sílẹ̀.

Akọ̀wé wa ló bá mi wá nọ́ńbà rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń gbé fóònù tí mo tún ń gbé e sílẹ̀. Nígbà tí mo pè é, tí mo jẹ́wọ́, tí mo bẹ̀ ẹ́, ó dákẹ́ títí. Ó wá ní, "Síníọ̀, mo ti di ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta báyìí, n kì í sì í paná sùn." Kò sọ pé òun ti dárí jì mí, n kò sì fagbára mú un. Mo bi í bóyá mo lè sọ ọ́ létí yín. Ó ní kí n sọ ọ́, ṣùgbọ́n kí n má dárúkọ òun. Ó ní, "Tiyín ni kẹ́ ẹ dá." Mo dúró níwájú yín, ẹ mọ orúkọ mi.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Kí ẹgbẹ́ wa tó ra ọ̀dà fún gbọ̀ngàn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi iná sólà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ dọ́mítírì, títí dé ilé ìtọ̀. Mo ti fi tèmi lélẹ̀ lọ́wọ́ akápò. Àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ka èyí nílé, bí ọ̀rọ̀ yìí bá kàn yín, ẹ má dúró di ọdún 32. Fóònù ń bẹ lọ́wọ́ yín.

Iléèwé wa á máa gbèrú. Àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ lónìí ò ní fi ìbẹ̀rù sùn.