Ìlérí Owó Oṣù Tí A Kò Dá Ọjọ́ Fún



Èmi kì í ṣe ẹni tí ó mọ ìṣirò owó ìlú; olùkọ́ni ni mí, àwọn tí yóò di olùkọ́ ni mo sì ń kọ́. Lọ́dọọdún ni àwọn ọmọ wọ̀nyí ń jáde lọ sí iṣẹ́ ìjọba, ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì ń padà wá bi mí: "Bàbá, owó tí ìjọba ní àwọn yóò fi kún owó oṣù wa, ìgbà wo ni yóò dé?" Ẹ kíyè sí i pé wọn kì í bi mí pé èló ni.

Ìbéèrè yìí ti pẹ́ nílẹ̀ wa. Nígbà ogun Hitler, ní 1942, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn òṣìṣẹ́ ní owó ìrànwọ́ nítorí ọ̀wọ́n ọjà, àwọn òṣìṣẹ́ sì gbà pé a ti ṣèlérí láti tún un yẹ̀ wò bí ọjà bá tún gbówó lórí. Ọjà gbówó lórí, owó dúró sí ojú kan. Ní oṣù kẹfà ọdún 1945, àwọn oníṣẹ́ rélùwéè àti ẹlẹgbẹ́ wọn da iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ju ogójì ọjọ́ lọ kí wọ́n tó padà. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Tudor Davies ṣe olórí rẹ̀ wá dámọ̀ràn pé kí a fi ìdajì kún owó ìrànwọ́ náà: ohun tí wọ́n ti ń béèrè kí iṣẹ́ tó dúró gan-an nìyẹn!

Kí ẹnikẹ́ni má wí pé òyìnbó ni ó fà á. Ní 1964, ìjọba tiwa ni ó gba ìwé ìgbìmọ̀ Adájọ́ Morgan tí kò tètè gbé e jáde, ìyanṣẹ́lódì sì bẹ́ sílẹ̀ káàkiri fún bí ọ̀sẹ̀ méjì.

Ní ti Udoji, ẹ̀yin àgbà mọ̀ ọ́n jù mí lọ, nítorí ọmọ ọwọ́ ni mí nígbà náà. Owó dé ní 1975, ṣùgbọ́n pẹ̀lú àjẹsílẹ̀ láti oṣù kẹrin ọdún 1974, tí ó ya lu ọjà lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjà gbóná. Àgbẹ̀ àti aláṣọ òkè tí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìjọba bá wọn san ọ̀wọ́n náà. Bàbá mi ra rédíò kan. Nígbà tí mo lọ́gbọ́n lórí, òun nìkan ni ó kù nínú owó náà.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ìgbà tiwa. Òfin 30,000 náírà ti 2019 pé ọdún márùn-ún ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Ọjọ́ 29 oṣù keje ni Ààrẹ tó fọwọ́ sí 70,000. Ó di oṣù kẹwàá kí Èkó tó kéde 85,000 tirẹ̀. Láti ìgbà tí a ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023 ni ọkọ̀ àti gàrí kò ti dúró de ẹnikẹ́ni. Òfin náà sì kan ẹni ìsàlẹ̀ pátápátá nìkan. Ní ti ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ti ṣiṣẹ́ ogún ọdún, àdéhùn ni a ó tún jókòó ṣe, ibẹ̀ gan-an ni ìlérí ti máa ń há.

Àlùfáà ni mí pẹ̀lú, mo sì mọ ìlérí ọrẹ ìkórè. Ẹni tí ó bá dárúkọ owó láìdárúkọ ọjọ́, akọ̀wé ìjọ a kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n akápò kì í ná an.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ ẹ̀yin Ìjòyè. Bí Gómìnà bá wá sí ìlú tí ó sì kéde àfikún, a máa ń lu ìlù, a máa ń pàtẹ́wọ́. Ẹ jọ̀wọ́, kí ìlù tó dún, kí ẹnìkan nínú yín dìde pẹ̀lú ọ̀wọ̀ kí ó béèrè pé: láti oṣù wo? Nínú owó wo tí a ti yà sọ́tọ̀? Ta ni yóò kàn lẹ́yìn ẹni ìsàlẹ̀? Òfin tuntun ti sọ ọdún márùn-ún di mẹ́ta. Ní 2027 ni a ó tún yẹ owó náà wò. Àyè wà láti bẹ̀rẹ̀ sí béèrè nísinsìnyí.