Ohun Tí Orúkọ Fi Pamọ́: Ìpilẹ̀ Díẹ̀ Nínú Àwọn Ọ̀rọ̀ Ìṣègùn àti Sáyẹ́ǹsì

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ bá sọ nǹkan kì í sábà fi ohun tí nǹkan náà jẹ́ gan-an hàn; èrò tí ó wà lọ́kàn àwọn tí ó sọ ọ́ ní orúkọ ni ó máa ń fi hàn, bí ìwádìí bá sì ti já èrò náà tán, orúkọ a dúró síbi tí ó wà. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó bá fẹ́ mọ àìsàn láti inú gbòǹgbò orúkọ rẹ̀ nìkan fi lè ṣìnà pátápátá.

Ọ̀rọ̀ náà “malaria”, tí í ṣe ibà, wá láti inú èdè Ítálì, níbi tí “mala aria” ti túmọ̀ sí afẹ́fẹ́ burúkú. Àwọn ará Róòmù ṣàkíyèsí pé ibà a máa pa àwọn tí ń gbé nítòsí irà, pàápàá irà ńlá Pontine tí ó wà ní gúúsù ìlú náà, wọ́n sì gbà pé òórùn tí ń rú jáde láti inú omi adágún ni ó ń kó àìsàn ran ènìyàn. Ní ọdún 1880, Alphonse Laveran, dókítà ológun ará Faransé tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Constantine ní Àlgéríà, rí kòkòrò tíntìntín nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ogun kan tí ibà ń ṣe. Ní 1897, Ronald Ross rí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ lára ìfun ẹ̀fọn ní Secunderabad, ní ilẹ̀ Íńdíà. Ó wá hàn pé afẹ́fẹ́ kò mọwọ́ mẹsẹ̀ rárá. Síbẹ̀, àwọn ará àtijọ́ kò yẹ ní ẹni tí à ń fi ṣe ẹlẹ́yà, nítorí inú irà tí wọ́n ń sá fún yẹn ni ẹ̀fọn ń yé sí, ẹni tí ó bá sì la ojú omi kí irà lè gbẹ nítorí ìbẹ̀rù òórùn, ẹ̀fọn ni ó ń bá jà láìmọ̀.

Àṣìṣe ti ọ́síjìn wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ọ̀mọ̀wé ni ó fara balẹ̀ gbé e kalẹ̀. Antoine Lavoisier, tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta gbé ètò orúkọ tuntun jáde fún ìmọ̀ kẹ́mísírì ní 1787, fa orúkọ náà yọ láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì, tí ọ̀kan jẹ mọ́ kíkan, tí èkejì sì jẹ mọ́ bíbí, nítorí ó dá a lójú pé kò sí ásíìdì tí gáàsì yìí kò sí nínú rẹ̀. Àwọn ará Jámánì tú àṣìṣe náà sí èdè tiwọn, wọ́n pè é ní “Sauerstoff”, ìyẹn èròjà kíkan, orúkọ tí wọ́n ṣì ń pè é dòní. Ní 1810 ni Humphry Davy, ará Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé ásíìdì tí wọ́n ń fi iyọ̀ ṣe kò ní ọ́síjìn kankan nínú. Nígbà tí ó kan Davy láti sọ gáàsì tí ó wà nínú ásíìdì náà ní orúkọ, kò fi èrò kankan bọ inú rẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ ni ó wò, àwọ̀ ewé tí ó ti ń di ìyeyè, tí àwọn Gíríìkì ń pè ní “chloros”, ó sì sọ ọ́ ní kílórínì. Bí ìmọ̀ bá yí padà nígbà mẹ́wàá, àwọ̀ gáàsì kò ní yí. Irú ìṣọ́ra bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn asọnilórúkọ.

Casimir Funk kò ní irú rẹ̀ ní 1912, nígbà tí ó pe àwọn èròjà kan nínú oúnjẹ ní “vitamine”, ó so “vita”, ìyè ní èdè Látìn, pọ̀ mọ́ “amine”, ẹ̀yà èròjà tí náítírójìn wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ó hàn pé púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe “amine”, Jack Drummond dá a lábàá ní 1920 pé kí wọ́n yọ létà “e” ìparí kúrò. Létà kan ṣoṣo ni wọ́n fi tọrọ àforíjì.

Ti “vaccine” yàtọ̀ díẹ̀. Inú “vacca”, màlúù ní èdè Látìn, ni ó ti wá, nítorí omi egbò àrùn màlúù ni Edward Jenner fi dáàbò bo ọmọ kan lọ́wọ́ ìgbóná ní 1796. Louis Pasteur ni ó ní kí orúkọ náà kárí gbogbo irú rẹ̀ ní 1881, láti bọlá fún Jenner. Àwọn tí ó gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ inú Yorùbá kò fa màlúù kankan wọlé. Ọ̀dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀ ni wọ́n ti mú àjẹsára, oògùn tí ènìyàn ń jẹ sínú ara kí ibi tó dé, èyí tí ó sọ iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe láìka ẹranko tí ó ti wá sí. Lóòótọ́, ẹnikẹ́ni kì í jẹ abẹ́rẹ́, ìyẹn ni wọ́n fi ń ti abẹ́rẹ́ ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n oògùn roparọsẹ̀ tí wọ́n ń kán sí ọmọdé lẹ́nu bá ọ̀rọ̀ náà mu láìku síbì kan.