Ilé-Iṣẹ́ Àjèjì Tó Dé Ọ̀dọ̀ Wa: Ta Ló Ń Ṣírò Owó Rẹ̀?

(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́)

 

Ní ìpàdé tó kọjá, àwọn kan béèrè pé bí òyìnbó tàbí ará Ṣáínà bá dá ilé-iṣẹ́ tuntun sílẹ̀ níhìn-ín, ṣé dandan ni kó ní akáúńtáǹtì nílẹ̀ yìí? Àwọn mìíràn ní kí ló kàn wá níbẹ̀. Ó kàn wá o.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ilé-iṣẹ́ kan tí ọ̀gá rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa ń ra gàrí lọ́wọ́ àwa mélòó kan. Lẹ́ẹ̀kíní àti lẹ́ẹ̀kejì, owó lọ́wọ́ ni. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n kó àpò mẹ́rìnlélógójì láwìn. Nígbà tí a lọ gba owó, ọmọ tó wà ní ọ́fíìsì ní òkè òkun ni ìwé wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣírò. Ó fóònù wọn, wọ́n ní àwọn ò rí orúkọ wa. Bébà kékeré tí kò ní òǹtẹ̀ nìkan ló wà lọ́wọ́ wa. Oṣù méje la fi lọ, la fi bọ̀, kí wọ́n tó san ìdajì. Ìdajì tó kù wọlẹ̀. Ẹnì kan nínú wa ò rí owó rajà sí ìsọ̀ mọ́ títí ọdún fi parí.

Ìyẹn ló jẹ́ ká lọ wádìí òfin ilé-iṣẹ́ ti 2020, tí wọ́n ń pè ní CAMA. Ohun tó wí nìyí.

Èkíní, àjèjì ò kàn lè gbé ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wá kó bẹ̀rẹ̀ òwò. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àfi àwọn díẹ̀ tí ìjọba bá yọ̀ǹda fún.

Èkejì, Nàìjíríà níhìn-ín ni ìwé ìṣirò owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà, ọdún 6 ni yóò sì fi pa á mọ́. Ẹ ò rí i pé ohun tí ọmọ yẹn sọ fún wa ò bófin mu!

Ẹ̀kẹta, lọ́dọọdún ni ọ́dítọ̀ gbọ́dọ̀ yẹ ìwé náà wò. Òfin yọ̀ǹda fún ilé-iṣẹ́ kékeré tí ọjà tó ń tà lọ́dún kò ju mílíọ̀nù 120 náírà lọ, tí ohun ìní rẹ̀ kò sì ju mílíọ̀nù 60 lọ lẹ́yìn gbèsè. Ṣùgbọ́n bí àjèjì kan ṣoṣo bá wà lára àwọn tó ni ín, kò sí ìyọ̀ǹda yẹn fún un, bó ti wù kó kéré tó. Ọ́dítọ̀ náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹgbẹ́ tí òfin ilẹ̀ wa mọ̀, irú bí ICAN tó ti wà láti 1965.

Ti ẹni tó ń kọ ìwé lójoojúmọ́ ńkọ́? A ò rí i nínú òfin yẹn pé ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n àlejò lójú, kò fi ríran. Ta ni yóò mọ̀ pé kóńgò ọjà kan yàtọ̀ sí tòmíì, pé alábàárù kì í já rìsíìtì, pé owó orí òṣìṣẹ́ ń lọ sọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀? Ọmọ ilé ló mọ̀ ọ́n.

Kò sì sí àwáwí pé wọn ò rí ẹni gbà. Akintola Williams di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gbàwé ẹ̀rí iṣẹ́ náà ní 1949, ó dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó ní 1952, nígbà tó jẹ́ òyìnbó ló ń ṣe é. Ẹni ọdún 104 ni nígbà tó kú ní 2023. Lónìí, Rufus Giwa Polytechnic nílùú Ọ̀wọ̀ níbí ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní iṣẹ́ yìí.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó tajà láwìn fún irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè nọ́ńbà CAC rẹ̀. Ẹ béèrè ẹni tó ń ṣírò owó rẹ̀ àti ibi tí ìwé wà. Ẹ gba rìsíìtì tó ní òǹtẹ̀, déètì, iye àpò àti iye owó. Bí wọn ò bá lè fi hàn yín, owó lọ́wọ́ ni o! Kí àwa náà sì máa kọ tiwa sílẹ̀.

Ìṣirò kì í ba ọ̀rẹ́ jẹ́, àìṣirò ló ń bà á jẹ́.