Ẹ̀fọn ọ̀sán ò mọ nẹ́ẹ̀tì
 Nẹ́ẹ̀tì tí ìjọba ń pín dáa, torí òru ni ẹ̀fọn ibà ń jẹni. Ṣùgbọ́n èyí tó ń gbé ibà pọ́njú kiri, ọ̀sán ló ń jẹ tiẹ̀, nígbà tá a wà ní ìsọ̀. Ẹ rántí Ifẹ́lódùn ní Kwara, lọ́dún 2017. Ìjọba lè fín oògùn, àmọ́ inú táyà àti dúrọ́ọ̀mù wa ló ń yé sí. Mo bẹ̀ yín, ní gbogbo Sátidé, ẹ da omi táyà nù. Ẹ fọ ara dúrọ́ọ̀mù, ẹyin ẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ọn. Kẹ́ ẹ sì dé e. Ẹni tí ò tíì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, kó lọ gbà á.